Bọ́tìnnì Tó Ń So Ènìyàn Mẹ́ta Pọ̀

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ẹni tó rìnrìn àjò ló ní ìtàn bí òun ṣe rìn ín, ìtàn náà sì sábà máa ń gùn ju ọ̀nà fúnra rẹ̀ lọ. Tèmi dá lórí tẹlifóònù kan tó wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, àti àbúrò mi Gàníyù, àti bàbá wa. Àwọn ló kọ́ mi bí òkèèrè ṣe jìn tó.

Òkákà ni ilé wa, ní Òkè-Ògùn. Iṣu àti ọkà bàbà ni bàbá wa ń gbìn. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, kò sí tẹlifóònù kankan ní Òkákà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn odi, tó sì fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà, á wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Àlàájì, ọ̀rẹ́ bàbá wa tó ń ta sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ní tẹlifóònù kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ funfun ló fi ń bò ó, bí ẹni bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bà lé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ lọ, kó lè kàwé sí i. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo rí ni gbígbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kọ́tìnnì. Èmi tí wọ́n ń pè ní tíṣà ní Ìpapó kí n tó kúrò nílé, èmi ni mò ń fọ ife tí àwọn ẹlòmíràn fi mu tíì. Mi ò ráhùn. Ẹni tó bá lọ sílé àna kì í bèèrè ìjókòó tó dára jù.

Òtútù kò yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti fi dẹ́rù bà mí tó kí n tó lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti kíkí. Ilé tí a ń gbé, àwa ìdílé bíi mélòó kan la jọ ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ẹni tó wà lókè orí mi kò sì mọ̀ bóyá mo jí tàbí n kò jí. Ní òwúrọ̀ Sátidé àkọ́kọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ wa, mo ní kí n bi í bóyá ó sùn dáadáa.

Ó ní, "Kí ló ń jò?"

Mo ní kò sí ohun tó ń jò.

Ó ní, "Kí ló wá dé?"

Mo padà sókè, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sunkún. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n má dà á láàmú mọ́, pé bí ìlú wọn ṣe rí nìyẹn. Mo ní ìlú tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn ẹ tó o rò pé omi ló ń jò, kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú fún?

* * *

Dòrín ló yọ mí kúrò nídìí ìgbálẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni, ó ti pẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà, òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gbé tẹlifóònù. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì òkè, ó sọ fún ọ̀gá pé òun ti rí ẹni tó máa rọ́pò òun, pé ohùn obìnrin náà tutù, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí mo ṣe fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sórí àga nìyẹn.

Fóònù náà fẹ̀ tó wàláà ọmọ kéú. Bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀ bámúbámú, iná kéékèèké sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dòrín dúró lẹ́yìn mi, ó ń na ìka sí wọn.

"Pupa yìí lo fi ń dá wọn dúró," ó ní. "Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, orin á máa kọ sí wọn létí títí wàá fi padà dé. Èyí ni wàá fi ta wọ́n sí yàrá ẹlòmíràn. Èyí ń tún nọ́ńbà tó o pè kẹ́yìn pè, kó o má bàa tún máa tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí sì máa ń di ìwọ gan-an lẹ́nu: wàá máa gbọ́ wọn, wọn ò ní gbọ́ ọ."

"Ìyẹn máa wúlò," mo ní.

"Òun ló wúlò jù níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi bú ọ̀gá."

Dídá ènìyàn dúró ló nira fún mi jù. Nílé wa, ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà, a kì í fi í sílẹ̀ lóòró. A ó fún un ní ìjókòó, a ó bu omi fún un, kódà bí a ò bá fẹ́ràn rẹ̀. Níbí, màá tẹ bọ́tìnnì pupa, ọmọlọ́mọ á sì dúró sínú orin. Nítorí náà, mo máa ń sá padà sọ́dọ̀ wọn lóòrèkóòrè pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mò ń bọ̀. Oníbàárà kan bi mí lọ́jọ́ kan bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ mìíràn, mo ta ìyàwó ọ̀gá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ọ̀pá kọ́tìnnì sí, níbi tí kò sí ẹ̀dá alààyè kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nígbà tó yá. Ó dé ibi tí ìka mi ń lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo wo ilẹ̀, tí ọ̀gá ń sọ fún àwọn àlejò pé òun kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe láìsí mi. Àwọn bọ́tìnnì kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa ń rántí nọ́ńbà fún ni, a sì ń kọ orúkọ sí bébà tínínrín lẹ́bàá ọ̀kọ̀ọ̀kan: báǹkì, àwọn tó ń ta òwú, onímọ́tò akẹ́rù. Ọ̀kan ṣófo. Dòrín ní kí n fi nọ́ńbà ilé mi sí i. Mo fi ti Àlàájì sí i, mo kọ "Ìsẹ́yìn" sí bébà rẹ̀. Mi ò láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, nítorí ìpè òkè òkun kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn bí mo bá ti rí i pé Ìsẹ́yìn wà láàárín báǹkì àti onímọ́tò akẹ́rù.

* * *

Orí fóònù yẹn ni mo ti gbọ́ pé ìyá wa kú. Àlàájì ló pe ọ́fíìsì. Ó kí mi, ó kí bàbá àwọn ọmọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti mọ̀ kó tó kí wọn tán. Ìpè òkè òkun kì í gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹnu bá ń sá fún ohun tó fẹ́ sọ.

"Ọlọ́run tó fún wa náà ló gbà á," ó ní.

Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń di ni lẹ́nu, mo sì ké. Mò ń gbọ́ tí Àlàájì ń sọ pé kí n ṣe sùúrù, pé wọ́n ti sin Ìyá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí, pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún fídáù ọjọ́ kẹjọ. Oníbàárà kan wà níwájú mi tó ń wo àpẹẹrẹ aṣọ. Ó yíjú sí ògiri kí n lè sunkún mi tán, ó sì ń bá a lọ láti máa fi ọwọ́ pa aṣọ náà. Mo mọ̀ pé àánú ló fi ṣe é. Nílé, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú kì í dá sunkún. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á dì í mú, ẹlòmíràn á tilẹ̀ ké jù ú lọ. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹkún lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé e.

Èmi kò lè lọ sílé. Ojú Gàníyù ni gbogbo wọn wá ń wò.

Gàníyù ni àbíkẹ́yìn wa. Àbíjàn ló wà, ó ń bá ọ̀gá kan ta ohun èlò ọkọ̀. Ní àsìkò náà, ìjọba ti ẹnubodè pa. Ọkọ̀ kò wọlé, ọkọ̀ kò jáde. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ṣùgbọ́n ará Òkè-Ògùn ni wá. Láti Ṣakí lọ sí ìhà ẹnubodè yẹn, ọ̀nà igbó pọ̀ ju ọ̀nà ọkọ̀ lọ, àwọn oníṣòwò àti àwọn darandaran sì ti ń gbà á kí wọ́n tó bí ẹni tó ti ẹnubodè. Ojú títì ni wọ́n lè tì. Igbó kò ní ilẹ̀kùn.

Gàníyù kò dé lọ́jọ́ kẹjọ. Kò dé lọ́jọ́ ogójì.

* * *

Lẹ́yìn náà ni mo bá Bàbá sọ̀rọ̀ láti inú àpótí fóònù kan tó wà lẹ́bàá títì, nínú òjò. A kí ara wa tán, mo ní kí n dán an wò.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Gàníyù."

"Ta ni?"

"Gàníyù, Bàbá."

"Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ti ẹnubodè ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Wọ́n tì í mọ́ ará Èkó. Ọmọ Òkè-Ògùn wo ni kò mọ ọ̀nà igbó?"

"Èmi náà kò kúkú wá."

"Òkun kò ní ọ̀nà igbó," wọ́n ní. "Ìwọ, mi ò bínú sí ọ rárá. Ṣùgbọ́n èyí, ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀, kò lè fi ẹsẹ̀ kan náà rìn wá síbi sàréè rẹ̀. Má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́."

Mo gbé fóònù kọ́. Ìdáríjì tí wọ́n fún mi yẹn dùn mí ju èébú lọ, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. A kì í bínú sí àlejò pé kò wá. Ọmọ ilé ni à ń bínú sí. Gàníyù tí wọ́n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n ṣì ń wo ojú ọ̀nà fún. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọmọ mi, ọmọ mi, wọ́n ti yọ mí kúrò lára àwọn tí wọ́n ń retí. Èmi àti òkun, a ti di ọ̀kan náà lójú wọn. Mo rìn lọ sílé nínú òjò, mo sì ń jowú àbúrò mi tí bàbá kọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Gàníyù fúnra rẹ̀ pè mí ní ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́."

"Kí ló dé tó ò lọ, Gàní?"

"Mo lọ," ó ní. "Mo dé abúlé tó kẹ́yìn. Odò kékeré kan ló kù kí n sọdá, ǹ bá sì ti wà lórí ilẹ̀ wa. Mo rí àwọn tí àwọn sójà mú níwájú mi. Wọ́n kó wọn kúnlẹ̀ sínú oòrùn, wọ́n ń fi bẹ́líìtì nà wọ́n. Ẹ̀rù bà mí, Àǹtí. Mo padà."

"Kí ló dé tó ò ránṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá?"

"Kí ni kí n wí? Pé ẹ̀rù ẹgba ni mi ò fi wá sin ìyá mi? Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n fúnra mi."

Bí oníbàárà méjì tún ṣe ń pè lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tí iná wọn ń ṣẹ́jú. Mo ní kó ní sùúrù, pé màá wá ọ̀nà. Mi ò mọ ọ̀nà kankan.

* * *

Ọ̀gá wa ló fi ọ̀nà náà hàn mí láìmọ̀. Ó fẹ́ bá oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú kan àti aláró kan ní ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ pọ̀. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì ní ìdí láti lò rí. Dòrín sọ̀ kalẹ̀ wá fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. "Pe ẹni àkọ́kọ́, dá a dúró. Pe ẹnì kejì. Kó o wá tẹ èyí, wọ́n á pàdé." Mo tẹ̀ ẹ́, àwọn ọkùnrin méjèèjì tí wọn kò rí ara wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Mo gbàgbé láti gbé fóònù sílẹ̀. Mò ń rò ó pé Bàbá ní Ìsẹ́yìn, Gàníyù ní Àbíjàn, èmi láàárín.

Ọ̀gá máa ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti pe ilé nígbà Kérésìmesì. Mo lọ bá a pé kó jẹ́ kí n gba tèmi nígbà Iléyá. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ọdún tí a máa ń pa àgbò ni. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó bi mí bóyá nínú ọ́fíìsì ni. Mo ní rárá, fóònù nìkan ni. Ó ní kò burú.

Lọ́dọọdún, ọjọ́ kejì Iléyá ni Bàbá máa ń gbé ẹsẹ̀ àgbò lọ fún Àlàájì ní Ìsẹ́yìn. Àlàájì gbọ́ ète mi, ó sì fọwọ́ sí i. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún un ṣáájú," ó ní. "Tí mo bá sọ ọ́, ẹlòmíràn ló máa fi ẹsẹ̀ àgbò rán. Jẹ́ kó dé ná. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Bàbá rẹ kò tíì rántí tòsì ni."

Lọ́jọ́ náà, mo kọ́kọ́ pe Gàníyù. Ó wà nídìí fóònù ọ̀gá rẹ̀ látàárọ̀. Ó ní agbádá òun wà lọ́rùn òun. Mo dá a dúró. Mo tẹ bọ́tìnnì Ìsẹ́yìn, kò wọlé. Mo tún un tẹ̀, kò wọlé. Lẹ́yìn ìgbà tí mi ò kà mọ́, Àlàájì gbé e.

"Ẹ kú ọdún, Àlàájì."

"Ọdún á yabo. Bàbá rẹ rèé."

"Ẹ kú ọdún, Bàbá."

"Ẹ̀yin náà kú ọdún, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé. Ṣé ẹ rí àgbò pa níbẹ̀?"

"A ra ẹran ni, Bàbá."

"Ẹran tí ẹ ò mojú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn látìgbà tí Ìyá ti kú. Mo ní kí n tètè sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rín náà tó tán.

"Bàbá, mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Gàníyù wà lórí fóònù kejì. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni màá tẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ara yín."

Mo gbọ́ tí Àlàájì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọ̀rẹ́ mi, nítorí ọmọ ni àgbò ṣe kú lánàá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Kó wá. Kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ wí."

Mo padà sọ́dọ̀ Gàníyù. "Bàbá gbà," mo ní.

"Wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà. Mo fẹ́ so yín pọ̀ báyìí."

Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Iná méjèèjì dúró, kò ṣẹ́jú. Bàbá húkọ́, irú ikọ́ tí wọ́n máa ń hú tí wọ́n bá ń wọ àgbàlá bọ̀, kí gbogbo ilé lè mọ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan kan kan pákó lápá ọ̀dọ̀ Gàníyù. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mò ń retí kó kí wọn. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà; kò sí ẹni tó ń kọ́ ni. Bàbá náà ń retí. Ìdákẹ́ náà gùn débi pé mo ń gbọ́ agogo ara ògiri.

"Gàní," Bàbá pè.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ti wí, wọ́n pè é. Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Gàníyù, dá Bàbá lóhùn," mo ní.

"Má pè é," Bàbá ní. "Ó gbọ́. Ó fẹ́ kí èmi kọ́kọ́ kí òun ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Bóyá kò gbọ́."

"Mo ti pè é. Mo ti ṣe tèmi."

Iná Ìsẹ́yìn kú. Ti Àbíjàn ṣì ń tàn, mo sì pariwo mọ́ ọn débi pé Dòrín sọ̀ kalẹ̀ látòkè. Mo ní Gàníyù, ṣé ẹnu rẹ ti kú ni? Ṣé ìgbéraga tó bẹ́ẹ̀? Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí wọ́n ń fa fóònù lórí pákó, ohùn rẹ̀ sì jáde, kékeré, bí ohùn ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì kanlẹ̀.

"Àǹtí, ṣé Bàbá ti ní kí n dìde?"

* * *

Ní agbo ilé wa, ẹni tó bá ṣẹ Bàbá kì í rojọ́. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á dákẹ́, títí wọ́n á fi ní, "Dìde." Ìgbà yẹn ló tó lè lanu. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ní kó dìde ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́. Bí Gàníyù ṣe gbọ́ ikọ́ Bàbá, ó gbé fóònù lé káńtà, ó sì fi àyà lélẹ̀ pẹ̀lú agbádá ọdún rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ariwo fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nínú fóònù lókè orí òun, òun kò gbọ́ ohun tó ń wí. Òun rò pé Bàbá ṣì ń tú ìbínú wọn jáde ni, òun kò sì fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ wọn.

Kò sí ọmọ kan ní Òkákà tó tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní Bàbá rí i ni, mo mọ̀ wọ́n, omi ì bá bọ́ lójú wọn. Fóònù tí mo ti mọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ìdọ̀bálẹ̀ kọjá.

"Dúró dè mí," mo sọ fún un. Mo dá a dúró, mo tẹ Ìsẹ́yìn. Kò wọlé. Mo ní kí fóònù tún un pè, ó tún un pè, kò wọlé. Dòrín dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, kò bi mí léèrè nǹkan kan. Nígbà tí Àlàájì gbé e, mo da gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí i létí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Háà," ó ní. "Ó ti lọ, ọmọ mi. Ọkọ̀ Òkákà ti gbéra. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù lọ òun mọ́. Màá lọ bá a lọ́la. Màá ṣàlàyé fún un."

Iná Gàníyù ṣì ń ṣẹ́jú. Ó ti pẹ́ nínú orin. Mo jókòó, mò ń wo iná náà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì dìde. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n pe orúkọ rẹ," mo ní. Òótọ́ nìyẹn. "Wọ́n ní kí o dìde."

Mo gbọ́ tí nǹkan kan ṣubú lára káńtà, mo gbọ́ tí agbádá rẹ̀ ń dún, tó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù débi tó ń lọ.

"Kí ni wọ́n tún wí?"

"Wọ́n ní Ọlọ́run á forí jì ọ́."

"Àmín."

"Wọ́n ní wàá wálé láyọ̀."

"Àmín."

"Wọ́n ní ẹni tó o bá bí kò ní jìnnà sí ọ."

"Àmín, Bàbá," ó ní, ó ń sunkún. "Ẹ fún mi ní Bàbá, Àǹtí, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ọkọ̀ Òkákà ti gbé wọn lọ," mo ní.

* * *

Àlàájì lọ sí Òkákà lóòótọ́, ó ṣàlàyé fún Bàbá. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n wá bi í pé, "Ìwọ rí i níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí?" Àlàájì ní òun kò rí i. "Èmi náà kò rí i," ni Bàbá wí, wọ́n sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Bàbá kú nígbà tí iṣu tuntun ń jáde, kí ẹnubodè tó ṣí. Gàníyù gba inú igbó wálé, kò bìkítà fún ẹgba. Wọ́n ti sin Bàbá kó tó dé. Àlàájì ló sọ fún mi lórí fóònù pé ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá sàréè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nílẹ̀ rárá. Àwọn ẹbí fẹ́ bínú pé kò fi ìbànújẹ́ hàn tó. Ó sọ fún wọn pé Bàbá ti dárí ji òun, pé wọ́n ti ní kí òun dìde. Wọ́n wo Àlàájì tó ni fóònù. Àlàájì ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá.

Mo ti padà sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé Gàníyù kò jìnnà sí tèmi. Bí ọdún Iléyá bá dé, tí a bá ti jẹun tán, ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀: bí òun ṣe wà ní Àbíjàn, tí bàbá àgbà wọn wà ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n sì ní kí òun dìde. Ó máa ń sọ gbogbo àdúrà náà, kì í gbàgbé ọ̀kan. Àwọn ọmọ á wá yíjú sí mi, nítorí èmi nìkan ni mo wà láàárín wọn lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni.